Àpò Tí Mò Ń Gbé fún Bàbá

Oṣù kan gbáko ni bàbá yẹn fi ń bèèrè àpò lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni o. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mi ò sì sí lára àwọn tó máa ń rí òjìji lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí bààlúù àkọ́kọ́ bá ti kọjá lórí òrùlé wa ní Springfield Gardens, tí ariwo rẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀, màá gbọ́ kíkàn mẹ́ta lára igi, kó, kó, kó. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, tó ń bèèrè. Kì í bínú. Ó sàn fún mi kó bínú, ká jọ jà á tán.

Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ ní ọdún méjì tó lò kẹ́yìn láyé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní New York níbí nìyẹn láti ọdún mọ́kànlá: mo máa ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, mo máa ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń fún wọn lóúnjẹ, mo sì máa ń gbọ́ ìtàn wọn títí ìtàn á fi sú àwa méjèèjì. Nígbà tí obìnrin tó ń pín iṣẹ́ fún wa pè mí lórí fóònù pé bàbá kan wà ní Queens Village, ará Philippines, tó ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́hùn-ún fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, mo ní kó wá ẹlòmíì. Kí ló kan èmi àti ọlọ́pàá? Nílé, àwọn ọlọ́pàá gbé àbúrò mi ọkùnrin rí, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta lórí ohun tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ó jáde wá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí di òní. Obìnrin náà ní kò sí ẹlòmíì tó ń gbé nítòsí. Mo gbin títí mo fi dé ibẹ̀.

Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Bàbá jókòó sórí àga onígi kan tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà gangan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bàtà rẹ̀ ń dán, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò níbi tó ń lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa kí bàbá èyíkéyìí. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, ó kọ ẹ̀yìn ọwọ́ náà sókè. Èmi rò pé ó fẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́ láti dìde ni, mo bá fà á. Díẹ̀ ló kù kí n fa arúgbó ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ sáré dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọdé máa ń gba ọwọ́ àgbà, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tiwọn nìyẹn. Mo gba ọwọ́ náà, mo fi kan iwájú orí mi. Ọwọ́ náà tutù, ó ń ta sánsán ọṣẹ. Ló bá ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ mi wá, ó sì kà á síwá sẹ́yìn kó tó ní kí n jókòó.

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá dé láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ aago tí mo dé, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ó máa ń kọ nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ tó bá dúró pẹ́ jù lójú títì wa síbẹ̀ pẹ̀lú. Mo bi í pé ta ló fẹ́ fi ìwé náà hàn, ó ní ìwé kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, pé ojú tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wò. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Mo kàn ń wo ọwọ́ tó fi ń kọ ọ́ ni.

Bí ó bá fẹ́ nǹkan, kì í pariwo. Òrùka ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi kan apá àga lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ọmọ rẹ̀ bá wà nílé, á dáhùn láti kíṣìnnì pé, "Po." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n máa ń fi í sínú gbólóhùn bí àwa ṣe máa ń fi 'ẹ' sí i, bí àgbà bá sì pe èèyàn, òun náà ni wọ́n fi ń jẹ́. Ó dùn mọ́ mi nínú. Nínú ìlú tí ọmọ ọdún méje ti ń pe ìyá àgbà lórúkọ, mo bọ́ sílé kan tí wọ́n ṣì ń jẹ́ ìpè bó ṣe yẹ. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti ń rọ̀ sí wọn díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn lè tan etí mi jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ọmọbìnrin aládùúgbò kan gbé abọ́ oúnjẹ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, bó ṣe wọlé ló ń sọ fún bàbá pé, "Lolo, Lolo." Mo dìde. Mo bi í pé ta ló ń lé kúrò nínú ilé ara rẹ̀, ṣé arúgbó ló ń sọ fún pé lọ, lọ? Ọmọ náà ò mọ ohun tí mò ń wí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bàbá àgbà ni wọ́n ń pè ní Lolo. Láti ọjọ́ yẹn, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù tí mo bá ṣì ń rìn gbéregbère nínú ilé, á nawọ́ sí ilẹ̀kùn, á ní, "Lọ, lọ." Èdè tiwa ló ń sọ yẹn o, ó sì mọ̀ ọ́n sọ dáadáa. Ọmọ rẹ̀ náà ń pè mí ní Ate, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Létí tèmi, àtẹ ni, èyí tí wọ́n ń to ata lé. Mo jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Mo kọ́ ọ ní omi, mo kọ́ ọ ní ẹ kú iṣẹ́, mo kọ́ ọ ní ó dàbọ̀. Èmi jẹ́ ẹni tí àpò rẹ̀ máa ń sọnù nínú yàrá kan ṣoṣo. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá fẹ́ lọ, màá máa dá sọ̀rọ̀: àpò mi dà, àpò mi dà báyìí? Lọ́jọ́ kan, bàbá bi mí pé ta ni mò ń pè. Mo rí àpò náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé e sókè fún un, mo ní àpò nìyí. Ó wo àpò náà. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé àwọn náà ní ọ̀rọ̀ yẹn lédè àwọn, àti pé òun ní ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo.

Mo wo abẹ́ àga rẹ̀. Àpò aláwọ̀ kan wà níbẹ̀, tó ti gbó, tí wọ́n ti rán okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ń gbé kọ́ èjìká nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní mo ti rí i. Ó ní mi ò tíì rí i. Mo ní kí ló dé tí mi ò rí i, ṣebí òun ló wà lábẹ́ àga yín yìí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé. Mo rò pé ogbó ló ń dà á láàmú. Ó yẹ kí n bi í léèrè nígbà náà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì mi ti fẹ́ kọjá.

Ibì kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn tí ọ̀dà rẹ̀ mọ́ ju tókù lọ, ó rí bí ìwọ̀n fọ́tò. Ọmọ rẹ̀ ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tá a jọ ń ṣa ewé ẹ̀fọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, bàbá ló sì tọ́ ọmọ náà dàgbà láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà lọ sí yunifásítì, ó lọ ń ka nǹkan nípa ìlú wọn. Lọ́jọ́ Kérésìmesì kan, níbi tí gbogbo wọn ti ń jẹun, ó bi bàbá nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àgọ́ ọlọ́pàá tí bàbá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n gbé e jáde. Ó ní, "Lolo, kí ni ọwọ́ yín ṣe?" Bàbá ní kó dìde kúrò nídìí tábìlì òun. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ fọ́tò ọmọ náà kalẹ̀ lára ògiri, ó sì kìlọ̀ lójú gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má mú ọmọ náà wá síwájú òun títí òun fúnra òun á fi bèèrè rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ọmọ náà ń gbé ní Bronx, kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ. Bàbá ò bèèrè, ọmọ náà ò sì wá. Mo gbọ́ ọ, mo mi orí. Kí n má purọ́, ẹ̀yìn ọmọ náà ni mo wà.

Rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú lẹ́ẹ̀kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó kọlù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ lọ. Àwọn dókítà ní kò sí ohun táwọn lè ṣe mọ́, ká gbé e lọ sílé kó lè kú sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ló kù lẹ́nu rẹ̀, èdè ìlú rẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀. Àárọ̀ nìkan ló máa ń lajú dáadáa. Tó bá fi máa di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé, oògùn á ti gbé e sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ọmọ rẹ̀ mú mi lọ́wọ́ ní kíṣìnnì, ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Ate, bó bá bèèrè ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún mi. Bó bá ti lè bèèrè rẹ̀, kíá ni màá pè é."

Mo mọ ẹni tó ń wí. Mo sì mọ̀ pé kò ní pe ọmọ náà láìjẹ́ pé bàbá bèèrè, torí àṣẹ ni, ilé ọlọ́pàá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì tíì rú àṣẹ bàbá rẹ̀ rí. Mo ṣèlérí fún un. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé etí mi ń bẹ níbẹ̀.

Etí mi ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mò ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ kó, kó, kó lára irin bẹ́ẹ̀dì. Mo yíjú. Bàbá ń wò mí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ní, "Apó."

Ẹ wò ó, inú mi dùn. Mo ní háà, bàbá rántí èdè wa. Ó ń gbé ìparí rẹ̀ sókè, apó, kò mọ̀ ọ́n fà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tá a bí síbí gan-an kì í mọ̀ ọ́n pè, bákan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé àpò aláwọ̀ náà wá, mo gbé e lé e láyà. Ó fọwọ́ kàn án. Ó wò ó. Ó wá tì í kúrò, ó sì tún wò mí. "Apó."

Mo ṣí i fún un. Mo kó ohun inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, fèrè ọlọ́pàá, kóòmù, áńkáṣífù tí wọ́n ká, ìwé nọ́ńbà ọkọ̀ méjì. Mo mú ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú ojú rẹ̀. Ó pa ojú dé. Ìgbà tó tún la ojú, omi wà nínú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ dé, kò tíì bọ́ kóòtù tó fi bi mí pé ṣé ó bèèrè ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo fi dá a lóhùn, torí náà báàgì ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní rárá, báàgì rẹ̀ nìkan ló ń bèèrè. Ó lọ wo báàgì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dá a padà. Ká ní mo sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́ ni, ká ní mo kàn sín bàbá jẹ lásán, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó tún bèèrè ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó bèèrè ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ọjọ́ Àìkú tí ọmọ rẹ̀ wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, kò sọ ohunkóhun rárá, ó kàn ń wo àjà ni. Nísinsìnyí mo rò pé ojú ló ń tì í. Ó ti pàṣẹ lójú ọmọ rẹ̀, kò lè kó àṣẹ náà jẹ lójú ọmọ rẹ̀. Àjèjì ló yàn láti sọ fún. Lọ́jọ́ Ajé, bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, kó, kó, kó. Màá gbé àpò. Á ti àpò. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á bi mí, màá ní báàgì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, nígbà tó ti àpò náà kúrò tí omijé sì ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀, ohun kan nínú mi ní kó sunkún díẹ̀. Èèyàn mélòó ló ti sunkún níwájú rẹ̀ rí? Etí àbúrò mi ni mo rántí. Mo gbé àpò náà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo lọ sí kíṣìnnì, mo po tíì, mo sì jókòó mu ún tán. Ó ń kan irin bẹ́ẹ̀dì náà ní gbogbo àsìkò tí mò ń mu tíì. Aládùúgbò tó gbọ́ èdè rẹ̀, ìyá arúgbó kan, wà ní ilé kejì sí wa, mo lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n bi í. Mi ò kan ilẹ̀kùn kankan.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Èémí rẹ̀ ti ń jáde ní méjìméjì. Kò lè kan nǹkan kan mọ́, ó kàn gbé ìka sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú afẹ́fẹ́, ẹnu rẹ̀ sì sọ ọ̀rọ̀ náà láìsí ohùn. Mo gbé àpò náà wá. Mo fi okùn rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò tì í mọ́. Ó dì í mú, ó ń wò mí bí ẹni tó ti bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ títí tó sì ti sú u. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Èmi sì ń yọ̀ nínú ọkàn mi pé ó ti gba àpò rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ọmọ rẹ̀ pe ọmọ Bronx lórí fóònù, mo wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹni tọ̀hún ń sọ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó bèèrè, torí ọmọ bàbá wò mí, ó wá ní rárá, báàgì rẹ̀ nìkan ló bèèrè. Wọ́n fi àpò náà sínú pósí fún un, èmi ni mo dá a lábàá. Ọmọ náà ò wá síbi ìsìnkú.

Ọjọ́ tá a lọ wo òkú, bá a ṣe ń jáde, ọmọ bàbá dì mí lápá mú. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ òkú bọ̀ kì í lọ sílé tààrà. Ó ní kí n yà síbì kan ná, kí n jókòó, kí n mu nǹkan, kí òkú má bàa tẹ̀ lé mi délé. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo sì sọ fún ara mi pé Jésù wà. Bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ dé ni mo wọ̀ lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tá a sin ín ló bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àwọn tó ń gbé lókè wa ló ń kan nǹkan, mo gòkè lọ bá wọn, wọ́n ṣì ń sùn. Mo gbé àpò mi sórí tábìlì, màá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ka Sáàmù, mo fi òróró pa àtẹ́rígbà. Mo bá a wí títí ohùn mi fi há. Mo ní, "Bàbá, àpò yín wà lọ́dọ̀ yín. Àpò wo lẹ tún ń bèèrè?" Á dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tún dé, kó, kó, kó.

Ó wá burú débi pé mo padà lọ sójú títì tí ilé òkú yẹn wà. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọfí, mo ra kọfí kan, mo sì jókòó fún odindi wákàtí kan, èmi tí kì í mu kọfí, kí bàbá lè jókòó síbẹ̀ kó má tẹ̀ lé mi mọ́. Mo tiẹ̀ sún àga kejì sẹ́yìn fún un. Mo rọra dìde, mo fi í sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti délé ṣáájú mi.

Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn tó kú, ọmọ rẹ̀ pè mí wá síbi àdúrà. Ọ̀sán ni, ilé kún fún àwọn ará ìlú wọn. Mò ń gbé àtẹ oúnjẹ láti kíṣìnnì bọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọmọbìnrin kan wọlé, ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé. Àga onígi bàbá ló kọjú sí i. Ìyá arúgbó aládùúgbò yẹn dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú, ó ń sunkún, ó ń sọ ọ́ léraléra: apó, apó.

Bó ṣe ń pè é gan-an ni bàbá ṣe ń pè é. Ó ń gbé ìparí rẹ̀ sókè.

Mo bi ọmọ bàbá, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé kí ni ìyá yẹn ń wí. Ó ní ọmọ ọmọ ni, pé apó ni wọ́n ń pe ọmọ ọmọ. Mo ní kì í ṣe báàgì? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní báàgì làwọn náà ń pe báàgì. Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi. Ẹ̀rín náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó gba àtẹ lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀, ó sì bi mí ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ gan-an, ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó di etí tábìlì mú. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn tọ́ka sí ọmọ náà, ó ní kí n lọ sọ fún un fúnra mi.

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀, ó fẹ́ gbé mi dìde, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọjọ́ mẹ́sàn-án, àpò, báàgì. Mo sọ tíì tí mo jókòó mu. Mo ní, "Ìwọ ló ń bèèrè. Ojoojúmọ́ ló ń bèèrè rẹ. Èmi ni mò ń gbé àpò fún un." Ó tẹ́tí sí mi, ojú rẹ̀ le koko, ó sì jọ bàbá níbẹ̀. Ó ní òun ti rò pé bàbá kú pẹ̀lú ìbínú òun ni. Ìbéèrè tó bi bàbá nídìí tábìlì, ìyẹn ò lè ní ìdáhùn mọ́, mi ò sì gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀.

Ó wá ní, "Àńtí, ẹ pè é bó ṣe pè é."

Mo na ọwọ́ sí àga bàbá. Mo fi òrùka mi kan apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà sókè bí bàbá ṣe máa ń gbé e. "Apó."

Ọmọ náà pa ojú dé. Ó jẹ́ ìpè náà.

"Po."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bààlúù àkọ́kọ́ kọjá. Ariwo rẹ̀ rọlẹ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, àpò mi wà lórí tábìlì níbi tí mo gbé e sí, kò sẹ́ni tó kan nǹkan kan. Mo tẹ́tí títí bààlúù kejì fi dé. Mo ṣì máa ń tẹ́tí.